Ansel Adams: Ọdẹ ìmọ́lẹ̀ tó ń dènà de ìwọ̀ oòrùn nínú aginjù

Ẹni tó bá ti gbé agbègbè Ekiti àti Oke-Ero ní ìpínlẹ̀ Kwara rí lásìkò ọyẹ́ yóò mọ ohun tí à ń wí. Bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ bá ti ń súnmọ́, oòrùn á rọ̀, á pọ́n bí epo tuntun, eruku ọyẹ́ á sì fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo àwọn òkè tó wà lágbègbè Osi àti Iloffa. Àwọn àgbẹ̀ tó ń ti oko bọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ wò ó, nítorí ohun tí ojú wọn ń rí lójoojúmọ́ ni. Àwọn ọ̀dọ́ tó bá rántí gbé ojú sókè, fóònù ọwọ́ wọn ni wọ́n ń nà sí i. Kí wọ́n tó wo ohun tí wọ́n yà, oòrùn ti wọ̀, àwòrán inú fóònù kò sì jọ ohun tí ojú wọn rí rárá.

Ọkùnrin kan wà nílẹ̀ Amẹ́ríkà tó fi ohun tó lé ní ọgọ́ta ọdún bá ìṣòro yìí jìjàkadì, bí yóò ṣe mú ohun tí ojú rí nínú igbó àti lórí òkè, tí yóò gbé e sórí bébà láìjẹ́ kí ọlá rẹ̀ dínkù. Ansel Adams ni orúkọ rẹ̀. Kò pa ẹran, ṣùgbọ́n ìwà ọdẹ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀: á tọpa, á lúgọ, á dúró nínú òtútù, ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ bá sì yọjú fún ìṣẹ́jú kan péré ni yóò tó yìn ín. Nínú gbogbo àwọn tó gbé kámẹ́rà wọ aginjù, bóyá la fi rí ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn tó tirẹ̀.

Ogúnjọ́ oṣù kejì ọdún 1902 ni wọ́n bí i sí ìlú San Francisco, ní ìpínlẹ̀ California. Charles Hitchcock Adams ni bàbá rẹ̀, Olive Bray ni ìyá rẹ̀, òun nìkan ṣoṣo ni wọ́n sì bí. Iṣẹ́ gẹdú ló sọ ìdílé bàbá rẹ̀ di olówó. Igi igbó ni wọ́n ń gé tí wọ́n ń tà, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ nígbà náà pé ọmọ tí wọn yóò bí sínú owó gẹdú yìí ni yóò wá fi gbogbo ayé rẹ̀ gbèjà igbó. Nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀ ní ọdún 1907, owó náà bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nká, bàbá rẹ̀ sì fi ọ̀pọ̀ ọdún sáré láti kó o jọ padà, àmọ́ kò bọ́ sí i.

Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀ ni ilẹ̀ ti mì tìtì ní San Francisco, lọ́jọ́ kejìdínlógún oṣù kẹrin ọdún 1906. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Ansel. Ilé wọn kò wó, ṣùgbọ́n ní wákàtí mélòó kan lẹ́yìn náà, ilẹ̀ tún mì lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì gbé ọmọ náà lu ògiri ọgbà wọn. Imú rẹ̀ ṣẹ́. Wọn kò tún un tò, bó sì ṣe wọ́ lọ́jọ́ náà ló wà títí tó fi re ìwàlẹ̀ àsà.

Ọmọ tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́ ni. Ilé ẹ̀kọ́ kan kò gbà á, òmíràn kò gbà á, títí bàbá rẹ̀ fi yọ ọ́ kúrò nílé ẹ̀kọ́ nígbà tó wà ní bí ọmọ ọdún méjìlá, tó sì ń kọ́ ọ nínú ilé fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1915, nígbà tí wọ́n ṣe ìpàtẹ àgbáyé ńlá kan ní San Francisco, tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́dún kan ni bàbá yìí rà fún un, ó ní ibẹ̀ ni kó máa lọ lójoojúmọ́ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń lọ sí kíláàsì. Láàárín àkókò yìí kan náà ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ pianó títẹ̀, tó sì mọ̀ ọ́n débi pé gbogbo ilé ti gbà pé iṣẹ́ tí yóò jẹ nìyẹn.

Ọdún 1916 ni ohun tó yí ayé rẹ̀ padà ṣẹlẹ̀. Òun àti àwọn òbí rẹ̀ lọ lo ìsinmi ní Yosemite, àfonífojì kan láàárín àwọn òkè Sierra Nevada ní California. Ẹ̀yin tí ẹ ti dúró nídìí Olúmọ tàbí tí ẹ ti gun òkè Ìdànrè, ẹ fojú inú wo àpáta kan ṣoṣo tó ga ju ilẹ̀ àfonífojì ìdí rẹ̀ lọ ní ohun tó lé ní mítà 1,400, tí iwájú rẹ̀ gún gbọọrọ bí ẹni fi ọ̀bẹ là á. Half Dome ni wọ́n ń pe àpáta náà. Ibẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ti fún un ní kámẹ́rà Kodak kékeré kan, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Brownie. Láti ọdún náà títí tó fi kú, kò sí ọdún kan tí kò padà sí Yosemite.

Ní ọdún 1919, ó dara pọ̀ mọ́ Sierra Club, ẹgbẹ́ àwọn tó ń gun òkè tó sì ń gbèjà igbó àti ẹranko. Wọ́n fi í ṣe olùtọ́jú ilé ẹgbẹ́ náà ní Yosemite fún sáà ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́rin. Bó bá ti rí àyè, á di ẹrù kámẹ́rà, oúnjẹ àti àwọn àwo gíláàsì tí wọ́n ń lò bíi fíìmù nígbà náà ru kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, á sì gba orí òkè lọ. Ní Yosemite náà ló ti pàdé Virginia Best, ọmọbìnrin ayàwòrán kan tó ní ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Pianó ilé bàbá ọmọbìnrin yìí ló kọ́kọ́ fà á débẹ̀, ìfẹ́ ló dá a dúró. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 1928 ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó, ọmọ méjì ni wọ́n sì bí.

Àmọ́ ọdún tó ṣáájú ìgbéyàwó náà ni Adams fúnra rẹ̀ kà sí ọdún tí ojú rẹ̀ là. Lọ́jọ́ kẹwàá oṣù kẹrin ọdún 1927, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gun òkè nínú yìnyín láti lọ dúró síbi tí wọ́n ti lè kọjú sí Half Dome. Àwo gíláàsì méjìlá ló gbé dání, ó sì ti lo púpọ̀ jù lọ nínú wọn lójú ọ̀nà. Nígbà tó débẹ̀, méjì péré ló kù. Ó fi gíláàsì aláwọ̀ ìyeyè bo ojú kámẹ́rà, ó ya àkọ́kọ́. Bó ṣe yà á tán ló mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé kò ní jọ ohun tó wà lọ́kàn òun, nítorí ojú ọ̀run yóò mọ́lẹ̀ jù. Ó yọ gíláàsì ìyeyè, ó fi èyí tó pọ́n dòò rọ́pò rẹ̀ kí ojú ọ̀run lè dúdú, kí àpáta náà lè yọ síta bí òrìṣà. Àwo tó gbẹ̀yìn nìyẹn. Òun ló yọrí sí fọ́tò tí wọ́n sọ ní Monolith.

Ẹ̀kọ́ tó kọ́ níbẹ̀ ni pé ayafọ́tò gbọ́dọ̀ ti rí àwòrán rẹ̀ tán pátápátá nínú ọkàn kó tó tẹ kámẹ́rà. Kó yà á ná, kó máa wòye ohun tí yóò dà, iṣẹ́ alárìnjó ni. Síbẹ̀, pianó kò tí ì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ àti àǹtí rẹ̀ kò fẹ́ kó fi orin sílẹ̀, lójú tiwọn, irin lásán ni kámẹ́rà, kò sì lè ní ọkàn. Ìgbà tó bá Paul Strand, àgbà ayafọ́tò kan, pàdé ní New Mexico ní ọdún 1930, tó sì rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ló tó gbà láìṣiyèméjì pé kámẹ́rà ni òun yóò fi jẹun.

Lásìkò náà, ọ̀pọ̀ ayafọ́tò ló ń sọ fọ́tò wọn di bàìbàì kó lè jọ ohun tí wọ́n fi ọ̀dà kùn. Adams kò fẹ́ irú ìyẹn. Ní ọdún 1932, òun, Edward Weston, Imogen Cunningham àti àwọn mìíràn dá ẹgbẹ́ Group f/64 sílẹ̀, ohun tí wọ́n sì dúró lé lórí ni pé kí fọ́tò mọ́ kedere láti ewé iwájú dé òkè ẹ̀yìn. Ní ọdún 1936, Alfred Stieglitz, ẹni tí gbogbo ayafọ́tò Amẹ́ríkà ń wárí fún, pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní New York.

Inú dídùn náà kò tíì rọlẹ̀ tí àdánù fi dé. Ní ọdún 1937, iná sọ nínú yàrá òkùnkùn tó ti ń fọ fọ́tò ní Yosemite, nǹkan bí 5,000 nẹ́gátíìfù ló sì bá iná náà lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún orí òkè ló jóná láàárín wákàtí díẹ̀. Àwo gíláàsì Monolith wà lára àwọn tí wọ́n rí yọ, ṣùgbọ́n iná ti kan etí rẹ̀. Adams gé ibi tó jóná kúrò nínú àwòrán, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ síta lọ.

Lákòókò yìí kan náà ni fọ́tò rẹ̀ ti ń ṣe iṣẹ́ tí ẹnu kò lè ṣe. Sierra Club fẹ́ kí ìjọba dáàbò bo agbègbè Kings Canyon, lára àwọn òkè Sierra Nevada náà, kí àwọn agégẹdú àti àwọn tó fẹ́ sé odò ibẹ̀ má baà pa á run. Ní ọdún 1936, Adams kó fọ́tò rẹ̀ lọ sí Washington, ó ń ti ọ́fíìsì aṣòfin kan bọ́ sí òmíràn. Ọdún náà kọjá, kò sí ohun tó jáde. Ní ọdún 1938, ó fi àwọn fọ́tò òkè náà ṣe ìwé ńlá kan, ó sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí Harold Ickes, mínísítà tó ń mójú tó ilẹ̀ ìjọba. Ìwé náà dé ọ̀dọ̀ Ààrẹ Franklin Roosevelt. Lóṣù kẹta ọdún 1940, Kings Canyon di ọgbà ìjọba tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gé igi rẹ̀ tà. Kì í ṣe Adams nìkan ló jà á, ṣùgbọ́n àwọn aṣòfin tí kò tẹ ibẹ̀ rí fi ojú ara wọn rí ohun tí wọ́n fẹ́ pàdánù.

Láàárín ọdún 1939 sí 1940, òun àti Fred Archer, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Los Angeles, gbé ìlànà kan kalẹ̀ tí àwọn ayafọ́tò ṣì ń kọ́ títí dòní. Wọ́n pín ìmọ́lẹ̀ sí ìpele mọ́kànlá, láti orí dúdú kirikiri tí a kò rí nǹkan kan nínú rẹ̀ dé orí funfun báláú. Ẹni tó bá mọ ìlànà yìí lè wo òkè kan, kó wọn ìmọ́lẹ̀ ibi tó mọ́ àti ibi tó ṣókùnkùn, kó sì pinnu bí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ṣe rí lórí bébà. Ẹ má gbàgbé pé dúdú àti funfun ni Adams fi ń ṣe púpọ̀ jù lọ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Pupa ìwọ̀ oòrùn tí gbogbo wa ń sáré yà, kò sí nínú fọ́tò rẹ̀. Eérú, dúdú àti funfun ló fi sọ gbogbo rẹ̀.

Ibi tí ìmọ̀ yìí ti gbà á sílẹ̀ ni ìtàn tí wọ́n ń sọ jù nípa rẹ̀. Nígbà ìwọ́wé ọdún 1941, iléeṣẹ́ Ickes gbé iṣẹ́ fún un pé kó lọ ya àwọn ilẹ̀ ìjọba, kí wọ́n lè fi fọ́tò wọn ṣe ògiri iléeṣẹ́ náà lọ́ṣọ̀ọ́. Òun, Michael ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, àti Cedric Wright ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n jọ wà nínú mọ́tò ní New Mexico. Iṣẹ́ ọjọ́ náà kò lọ déédéé, wọ́n ti ń padà sílé. Bí wọ́n ṣe ń kọjá létí abúlé Hernandez ló yí ojú, ó sì rí oṣù tó ti yọ sókè lórí àwọn òkè oníyìnyín, pẹ̀lú ìkùukùu funfun tó nà gbọọrọ lábẹ́ rẹ̀. Nísàlẹ̀, ilé ìjọsìn kékeré kan wà pẹ̀lú itẹ́ òkú, oòrùn tó ń wọ̀ lẹ́yìn sì ń tan ìmọ́lẹ̀ ìkẹyìn sára àwọn àgbélébùú funfun orí sàréè.

Ó dá mọ́tò dúró lójijì, ó bẹ́ sílẹ̀, ó ń pariwo sí ọmọ àti ọ̀rẹ́ pé kí wọ́n bá òun gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta kámẹ́rà, kí wọ́n bá òun wá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀. Kámẹ́rà dúró, ẹ̀rọ kò sí níbi kankan. Oòrùn kò sì dúró de ẹnì kan. Níbi tí ìdààmú yẹn dé ló ti rántí iye ìmọ́lẹ̀ tó máa ń wà lára òṣùpá. Ó fi ìyẹn ṣe ìṣirò nínú orí, ó ṣí ojú kámẹ́rà fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì yà á. Ó yí fíìmù padà láti tún un yà, kí ọwọ́ má baà bọ́. Kó tó ṣe tán, ìmọ́lẹ̀ ti kúrò lára àwọn àgbélébùú náà. Ẹyọ kan ṣoṣo ló rí mú.

Ẹ ó kíyè sí i pé kò kọjú kámẹ́rà sí oòrùn. Ẹ̀yìn ló kọ sí i, ohun tí oòrùn ń tàn sí lára ló ń wò. Fọ́tò yìí, Moonrise, ló sọ ọ́ di ẹni tí tẹrú tọmọ mọ̀. Adams kò kọ ọjọ́ tó yà á sílẹ̀, ọdún tó ń dá fún un sì ń yàtọ̀ síra. Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ló fi ipò òṣùpá inú fọ́tò náà ṣe ìṣirò lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n sì rí i pé ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ọdún 1941 ni, ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Nẹ́gátíìfù náà kò rọrùn láti fọ̀. Lójú Adams, nẹ́gátíìfù dà bí orin tí wọ́n kọ sílẹ̀, fọ́tò tí a tẹ̀ sì dà bí ìgbà tí akọrin bá wá kọ ọ́, ìdí nìyẹn tí Moonrise fi ń ṣókùnkùn sí i bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Ó tẹ̀ ẹ́ ju ìgbà 1,300 lọ láyé rẹ̀. Ní ọdún 2006, ẹ̀dà kan rẹ̀ di títà ní gbàǹjo ní New York ní 609,600 dọ́là.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló yìn ín. Àwọn ayafọ́tò kan bi í léèrè ìdí tó fi ń ya òkúta àti igi nígbà tí ebi àti ogun ń pa ọmọ ènìyàn. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà kó ohun tó lé ní 110,000 ènìyàn tó jẹ́ ìran Japan sínú àgọ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, bẹ́ẹ̀ ọmọ Amẹ́ríkà gan-an lèyí tó pọ̀ jù nínú wọn, Adams lọ sí àgọ́ Manzanar láti ọdún 1943, ó ya wọ́n níbi iṣẹ́, nínú oko, nílé ẹ̀kọ́. Ó fi fọ́tò wọn ṣe ìwé ní ọdún 1944, nígbà tí ogun ṣì ń lọ lọ́wọ́. Kò dùn mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú, ṣùgbọ́n kò yẹ̀ ẹ́. Ní ọdún 1965, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn fọ́tò náà fún ilé ìkówèésí ilé aṣòfin Amẹ́ríkà láìgba kọ́bọ̀.

Nígbà kan tó lọ sí Manzanar ló tún ya òwúrọ̀ kan lórí òkè nítòsí ìlú Lone Pine, ní ọdún 1944. Òwúrọ̀ mẹ́rin ló jí lọ síbẹ̀ nínú òtútù, tí ìkùukùu sì ń bo òkè mọ́ ọn lójú. Ní òwúrọ̀ karùn-ún, ó tún gun orí pátákó tó kàn mọ́ òrùlé mọ́tò rẹ̀, ó dúró nínú òkùnkùn. Oòrùn là sórí òkè, ìtànṣán kan bọ́ sórí pápá, ẹṣin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹko, ṣùgbọ́n ìdí ló kọ sí i. Adams dúró. Nígbà tí ẹṣin náà yí ẹ̀gbẹ́ padà ló yà á. Àwọn àgbà ti wí i pé ẹni tó bá fara balẹ̀ pa èèrà, yóò rí ìfun rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi jẹ́ pé fọ́tò ìpolówó ọjà ló fi ń bọ́ ìdílé rẹ̀, torí òkè kì í san owó iṣẹ́. Síbẹ̀ ó kọ ìwé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lò, ó wà lára àwọn tó dá ẹ̀ka fọ́tò sílẹ̀ ní ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà òde òní ní New York ní ọdún 1940, ó sì wà nínú ìgbìmọ̀ Sierra Club láti ọdún 1934 títí di ọdún 1971. Nígbà tí Amẹ́ríkà rán ọkọ̀ Voyager lọ sójú òfúrufú ní ọdún 1977, fọ́tò rẹ̀ kan nípa odò àti àwọn òkè Tetons wà lára àwòrán tí wọ́n kó sínú rẹ̀ láti fi ayé wa hàn. Ààrẹ Jimmy Carter fi oyè tó ga jù fún ará ìlú lásán dá a lọ́lá ní ọdún 1980. Ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹrin ọdún 1984 ni ọlọ́jọ́ dé, lẹ́ni ọdún méjìlélọ́gọ́rin. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ òkè kan ní Yosemite, àti aginjù ńlá kan nínú àwọn òkè Sierra Nevada tó fẹ́ràn.

Ohun tó jọ ohun la fi ń wé ohun. Ilẹ̀ Osi náà ni Areogun ti gbẹ́ igi títí ó fi kú ní ọdún 1954, Odo-Owa ní Oke-Ero sì ni ti Bamgboye. Areogun náà jókòó ti ọ̀gá fún ọdún gbọọrọ kó tó dá iṣẹ́ ṣe, àwọn méjèèjì sì ti ń rí ère nínú igi kí àáké tó bà á. Àwa tí a kò bá Areogun láyé mọ ojú rẹ̀ lónìí, nítorí pé Fadá Kevin Carroll, tó wà lára àwọn tó dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní ọdún 1947, máa ń gbé kámẹ́rà dání, ó sì kó fọ́tò wọn sínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní ọdún 1967.

Igi tí àwọn àgbà wọ̀nyẹn ń gbẹ́ ni àwọn kan ń sun di èédú báyìí, tí wọ́n sì ń là di pákó. Oòrùn yóò máa wọ̀ lórí òkè Osi àti Iloffa, àmọ́ ohun tí yóò máa tan ìmọ́lẹ̀ sí lára lè má sí níbẹ̀ mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tí fóònù wà lọ́wọ́ wọn kò nílò kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, wọn kò sì nílò àwo gíláàsì méjìlá. Ohun tí wọ́n nílò ni kí wọ́n tètè débẹ̀ kí oòrùn tó rọ̀, kí wọ́n kọ ẹ̀yìn sí i, kí wọ́n wo ohun tó ń tàn sí lára, kí wọ́n sì dúró. Ó ṣeé ṣe kí fọ́tò tí ọ̀kan nínú wọn bá yà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan wà lára ohun tí yóò gba òkè náà sílẹ̀.